Owó Tí Ẹ Fi Kó Kúrò ní Ìbàdàn Lọ sí California, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ọ́ Sínú Ìwé Owó Orí Ìpínlẹ̀

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, èmi ni mo jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Akóbọ̀, tí mo ń ka páálí, tí mo sì ń kọ gbogbo owó tí ó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó tó ti lọ ti lọ nìyẹn o." Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ọjọ́ ìfìwéránṣẹ́ owó orí kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé pélébé yẹn ni ó tìtorí rẹ̀ jí mi ní agogo méjì òru.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn kó lọ sí California nítorí iṣẹ́ ṣe lè yọ owó tí ó fi kó ẹrù àti owó tí ó fi rin ìrìn àjò náà kúrò nínú iye tí ìpínlẹ̀ yóò gba owó orí lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni mo ń sọ, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn gan-an ni pé wọn kò ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń fi ìwé owó orí kan ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀, ó sì ń fi òmíràn ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé, bí ìpínlẹ̀ náà bá ń gba owó orí lórí owó iṣẹ́. Títí di ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ń gbà kí òṣìṣẹ́ yọ owó ìkólọ kúrò. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún náà ni ó dá a dúró láti ọdún 2018, òfin mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2025 sì sọ ìdádúró náà di èyí tí kò lópin. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù tí ìjọba àpapọ̀ ṣì ń gbà fún ni ọmọ ogun tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí àṣẹ ológun gbé kúrò ní ibùdó kan lọ sí òmíràn, òfin ọdún 2025 sì fi àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kún wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá bi ẹni tí ó mọ̀ nípa owó orí Amẹ́ríkà díẹ̀, yóò sọ fún yín pé wọ́n ti pa á rẹ́. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. California kò tẹ̀ lé ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ó di ìlànà ti àtijọ́ mú, ilé iṣẹ́ owó orí rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Franchise Tax Board, sì ṣe fọ́ọ̀mù tirẹ̀ fún un, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ FTB 3913.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to rìsíìtì jọ, ẹ kọ́kọ́ wo ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Houston kò ní ohun kan láti béèrè, nítorí Texas kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Florida àti Tennessee. Maryland, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí, ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ láti orí iye tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣírò, nítorí náà ilẹ̀kùn tí ìjọba àpapọ̀ tì, ó tì síbẹ̀ náà. New York gbà á, fọ́ọ̀mù IT-558 sì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Hawaii náà gbà á lórí fọ́ọ̀mù N-139. California ni mo ti tẹ̀ lé dé òpin, òun ni n ó sì bá lọ.

Ohun tí ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé kò pọn dandan kí ìkólọ náà jẹ́ láti ìlú kan ní Amẹ́ríkà sí òmíràn níbẹ̀. Ẹni tí ó ti òkè òkun wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè béèrè, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó tó lè béèrè. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ ní Akóbọ̀ tàbí Bódìjà ni wọn yóò pè ní ilé yín àtijọ́, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní Ìbàdàn ni iṣẹ́ àtijọ́, kò sì sí ohun tí ó ní kí ilé àtijọ́ máà jẹ́ ilé tí wọ́n fi páànù bò.

Ìbéèrè mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà gbé ka iwájú ẹni. Àkọ́kọ́ ni bóyá iṣẹ́ ni ó mú yín kó. Ohun tí wọ́n ń wò ni àkókò: owó tí ẹ ná gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún kan tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibi tuntun náà, àyàfi bí ìdí pàtàkì kan bá dí yín lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọdún méjì kí ó tó rí iṣẹ́ kò ní rí i ṣàlàyé.

Ìkejì ni ọ̀nà jíjìn. Ibi iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ fi máìlì 50, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 80, jìnnà sí ilé àtijọ́ yín ju bí ibi iṣẹ́ àtijọ́ ti jìnnà sí ilé náà lọ. Fún ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn lọ, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé California, tí ó tún wá kó láti ìlú kan sí ìlú mìíràn níbẹ̀, gbọ́dọ̀ wọn ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣàpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá ń gbé ní Bódìjà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní UCH tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, tí ó sì rí iṣẹ́ tuntun ní ìlú Ọ̀yọ́, kò tíì yege, nítorí Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kò tó ọgọ́ta kìlómítà. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti yege. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi wo ọ̀rọ̀ ara yín, kí ẹ sì rántí pé láti ilé àtijọ́ ni a ti ń wọn méjèèjì, kì í ṣe láti ilé tuntun.

Ìkẹta ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kíkún fún ọ̀sẹ̀ 39, ó kéré tán, láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́ tí ó dé agbègbè náà. Kò dandan kí ọ̀sẹ̀ náà tẹ̀ léra, kò sì dandan kí ó jẹ́ lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ní agbègbè kan náà. Ẹni tí ó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe yóò ṣe ọ̀sẹ̀ 78 láàárín oṣù 24, 39 nínú rẹ̀ yóò sì bọ́ sínú oṣù 12 àkọ́kọ́. Fún tọkọtaya tí wọ́n kọ ìwé wọn pọ̀, ó tó kí ẹnì kan nínú wọn yege, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ ọkọ mọ́ ti aya.

Ẹ wá wo ibi tí àbúrò mi ti fẹ́ sọ̀rètí nù. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ìwé owó orí gbọ́dọ̀ délẹ̀, ọ̀sẹ̀ bí 32 ni ó tíì ṣe. Ó rò pé òun kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlànà náà gbà kí ẹni tí ó ń retí pé ọ̀sẹ̀ òun yóò pé kọ owó náà sílẹ̀ ní ọdún tí ó ná an. Bí kò bá wá pé mọ́, ó ní láti tún ìwé ọdún yẹn kọ, tàbí kí ó ka iye tí ó yọ kúrò mọ́ owó tí ó wọlé fún un ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá sì jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ni ó dá a dúró láìṣẹ̀, tàbí tí ó gbé e lọ sí ibòmíràn fún àǹfààní ilé iṣẹ́, tàbí tí àìlera ni ó dá iṣẹ́ dúró, wọn kò ní fi ọ̀sẹ̀ 39 mú un.

Èyí tí wọ́n gbà, àti èyí tí wọn kò gbà

Àpò méjì péré ni owó ìkólọ ní. Ohun tí kò bá wọ inú ọ̀kan nínú wọn, kò sí ìjọba tí ẹ lè fi bẹ̀bẹ̀ fún.

Àpò kìíní ni ẹrù. Owó páálí, owó àwọn tí ó dì í, owó ọkọ̀ tí ó gbé e kúrò nílé, owó ọkọ̀ òfurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi tí ó kó o lọ, owó tí ọkọ̀ òfurufú gbà lórí àpò tí ó lé sí iye tí wọ́n fàyè gbà, àti owó adójútòfò lórí ẹrù náà. Owó ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó tẹ̀ léra nìkan, láàárín ìgbà tí ẹrù kúrò nílé yín àtijọ́ sí ìgbà tí ó dé ilé tuntun. Ẹni tí ó bá fi ẹrù rẹ̀ gba ojú omi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí, nítorí ẹrù lè pẹ́ ní èbúté ju bí ẹ ti rò lọ, owó ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n àti èyí tí ó tẹ̀ lé e sì di ti yín. Ẹrù tí ẹ rà lójú ọ̀nà kò sí nínú rẹ̀: bí ọkọ̀ yín bá yà ní London, tí ẹ sì ra àga níbẹ̀, owó tí ẹ fi gbé àga yẹn lọ kò kàn wọ́n.

Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí ó kan àwa ọmọ Ìbàdàn púpọ̀, nítorí pé ẹrù wa kì í gbé ojú kan. Páálí mẹ́ta nínú ẹrù àbúrò mi wà lọ́dọ̀ ìyá wa ní Òkè-Àdó, láti ìgbà tí ó ti ṣègbéyàwó. Bí ẹrù bá wà ní ibi tí kì í ṣe ilé yín, owó tí wọ́n yóò gbà kò ní ju iye tí ìbá ná yín bí ó bá jẹ́ pé láti ilé yín ni ó ti gbéra. Láti Òkè-Àdó sí Akóbọ̀ kò yí iye owó padà, a kò sì ní ìyọnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ kan wà ní Kánò, tí ó sì san owó láti kó o wá sí Èkó, yóò ṣírò ohun tí ìbá san láti Ìbàdàn, yóò sì fi èyí tí ó lé sílẹ̀.

Àpò kejì ni ìrìn àjò yín fúnra yín: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà, òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ sùn sí lójú ọ̀nà, títí kan alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé, àti ọkọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú ọ̀hún dé ìlú tí ẹ ó máa gbé. Ọ̀nà tí ó yá jù lọ, tí ó sì tọ́, ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá lo ọjọ́ mẹ́rin ní Dubai láti gbádùn ara yín, owó ọjọ́ mẹ́rin náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa. Ìrìn kan ṣoṣo ni wọ́n gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò dandan kí gbogbo ilé lọ lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ àbúrò mi àti ọmọ wọn lọ ní oṣù kìíní ọdún 2024, owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn tí wọ́n san ní ọdún náà sì wọ ìwé ọdún 2024, kì í ṣe ti 2023. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ará ilé ni ẹni tí ilé àtijọ́ àti ilé tuntun jẹ́ ilé tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá tí ó tẹ̀ lé wọn láti bá wọn tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́ta, tí yóò sì padà sí Òkè-Àdó, kò sí nínú wọn. A bẹ ìyá wa pé kí ó má bínú.

Ẹni tí ó bá fi mọ́tò ara rẹ̀ kó láti ìpínlẹ̀ kan sí California lè ka sẹ́ńtì 22 fún máìlì kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2023, sẹ́ńtì 21 ní ọdún 2024, tàbí kí ó ka owó epo gan-an. Owó tí a san ní ẹnu ibodè ojú ọ̀nà àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lórí èyí tí ó bá yàn.

Oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀, yálà ní ilé oúnjẹ tàbí búrẹ́dì tí ẹ rà lójú títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Owó físà, owó ìdánwò nọ́ọ̀sì, owó ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti owó pásípọ́ọ̀tù kò sí níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ owó tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo ètò náà. Owó ilé tí ẹ san ṣáájú, owó ìdúró tí onílé gbà, owó òtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fi ń wá ilé lẹ́yìn tí ẹ ti dé, àdánù lórí ilé tàbí mọ́tò tí ẹ tà ní pọ́ọ́kú: kò sí ọ̀kan tí ó wọ̀ ọ́. Àbúrò mi bi mí, kò sì rẹ́rìn-ín, bóyá kánópì àti àga tí a háyà fún àsè ìdágbére wà nínú owó ìkólọ. Mo ní kí ó lọ sùn.

Rìsíìtì tí Ìbàdàn kì í kọ

Ìṣòro gidi kò sí ní California. Ó wà níhìn-ín, níbi tí owó ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó ń kọ nǹkan kan. Bí ẹ bá dúró títí ẹ fi dé ọ̀hún kí ẹ tó wá rìsíìtì, dẹ́rẹ́bà ti yí nọ́ńbà padà, ẹni tí ó dì páálí kò sì rántí yín mọ́.

Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan kí ẹ tó lọ. Ẹ gbìyànjú láti san gbogbo owó láti inú báńkì sí báńkì, kí ẹ sì kọ ohun tí owó náà wà fún sí ibi tí áàpù báńkì ti ń béèrè rẹ̀: "owó ìkẹ́rù Ìbàdàn sí Ìkẹjà", kì í ṣe "ẹ ṣé". Fún ọkọ̀ tí ẹ háyà, ẹ mú ìwé funfun kan, kí dẹ́rẹ́bà kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ibi tí ó ti gbé yín, ibi tí ó gbé yín dé àti iye owó, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ìṣẹ́jú méjì ni ó ń gbà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ tilẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọníyà lọ sí Èkó, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ní ọjọ́ àti iye owó lórí, èyí tí ẹ kò ní rí gbà ní gáréèjì Ìwó Róòdù. Rìsíìtì POS àti irú bébà tí ń dán yẹn máa ń parẹ́. Mo ti rí èyí tí ó di funfun báláú láàárín oṣù mẹ́rin nínú àpò ike. Ẹ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.

Alágbàkó kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ni ó gba ẹrù àbúrò mi. Ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ ní ìlà kan péré: "fún iṣẹ́ tí a ṣe, ₦734,000." Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò wúlò, nítorí ẹni tí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò ní California kò ní mọ̀ bóyá ẹrù ni wọ́n kó tàbí ẹran ni wọ́n sun. A padà lọ bá a. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un kọ ní ìlà mẹ́rin: ìdì, ọkọ̀ òfurufú, adójútòfò, àti ₦50,000 tí ó pè ní "ètò". Mo béèrè ohun tí ètò jẹ́. Ó ní, "Alàgbà, ètò ni ètò." A fi ₦50,000 náà sílẹ̀ lẹ́yìn òde ìṣirò, ó sì ku ₦684,000. Ohun tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé fún àjèjì, ẹ má kọ ọ́.

Náírà sí dọ́là tún ni ọ̀ràn mìíràn. Iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí ẹ san owó ni ẹ ó lò, kì í ṣe ti ọjọ́ tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù. Ní ọdún 2023 èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ní oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí báńkì àpapọ̀ da àwọn ojú ọjà pàṣípààrọ̀ pọ̀, náírà kúrò ní nǹkan bí 470 sí dọ́là kan, ó sì ré kọjá 700 kí oṣù tó parí. Ẹni tí ó san owó ní oṣù karùn-ún àti ẹni tí ó san án ní oṣù keje, bí iye náírà wọn tilẹ̀ dọ́gba, dọ́là wọn kò dọ́gba. Ẹ lo iye kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní gbangba, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síta pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró lé e lórí fún gbogbo owó. Kì í ṣe pé kí ẹ fi ti báńkì ṣírò èyí tí ó wù yín, kí ẹ fi ti àwọn tí ń ṣẹ́ dọ́là ní Sábó ṣírò ìyókù.

Kíkọ fọ́ọ̀mù

Gbogbo owó àbúrò mi ni ó san láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a sì lo ₦760 sí dọ́là kan. Ẹrù tí alágbàkó kó jẹ́ ₦684,000, ìyẹn $900. Àpò tí ó lé ní pápákọ̀ òfurufú jẹ́ ₦152,000, ìyẹn $200. Àpò kìíní di $1,100. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ₦1,520,000, ìyẹn $2,000. Òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan ní Ìkẹjà jẹ́ ₦38,000, ìyẹn $50. Ọkọ̀ láti Akóbọ̀ jẹ́ ₦45,600, ìyẹn $60. Bọ́ọ̀sì láti Los Angeles dé Bakersfield jẹ́ $40. Àpò kejì di $2,150. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ $3,250. Fọ́ọ̀mù FTB 3913 kò ju èyí lọ: ó béèrè owó ẹrù, ó béèrè owó ìrìn àjò, ó ro wọ́n pọ̀, ó sì béèrè ohun tí agbanisíṣẹ́ san.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ dáhùn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ tí ń gba nọ́ọ̀sì máa ń fún wọn ní owó ìkólọ. Ẹ mú ìwé W-2 tí agbanisíṣẹ́ fi ránṣẹ́, kí ẹ wo bóyá owó yẹn wà nínú iye tí ó kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ owó iṣẹ́ yín ní California. Bí ó bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé wọn yóò gba owó orí lé e lórí, ẹ sì lè yọ gbogbo owó tí ẹ ná. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú $3,250 kí ẹ tó kọ èyí tí ó kù, nítorí ẹnì kan kò lè jẹ iṣu kan lẹ́ẹ̀mejì. Ti àbúrò mi jẹ́ $1,500, ó sì wà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá, nítorí náà kò yọ nǹkan kan kúrò nínú $3,250 náà.

Láti FTB 3913, iye náà yóò kọjá sí Schedule CA, ìwé àfikún tí ó ń fi ibi tí ìṣirò California ti yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀ hàn, ní ìlà 14, òpó C, níbi tí wọ́n ń kọ ohun tí California gbà tí ìjọba àpapọ̀ kò gbà. Ẹni tí ó ti ń gbé ní California láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ yóò lo Schedule CA tí ó bá fọ́ọ̀mù 540, ìyẹn ìwé owó orí ìpínlẹ̀ náà gan-an, rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé ní oṣù kẹjọ jẹ́ olùgbé fún apá kan ọdún, fọ́ọ̀mù 540NR sì ni tirẹ̀, pẹ̀lú Schedule CA tí ó ní òpó méjì sí i: òpó D fún gbogbo ọdún bí ẹni pé California ni ẹ wà láti oṣù kìíní, àti òpó E fún ti California nìkan. Owó ìkólọ tí ó gbé yín wọ ìpínlẹ̀ náà yóò wọ òpó E pẹ̀lú. Ẹ má gbàgbé pé owó oṣù tí ẹ gbà ní Ìbàdàn kí ẹ tó lọ yóò wọ òpó D. California kò gba owó orí lórí rẹ̀, ó kàn ń lò ó láti mọ ìpele tí owó orí yín yóò bọ́ sí ni. Àbúrò mi fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí pé ó kéré. Mo ní kí ó kọ ọ́.

Ohun kan dà wá láàmú nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ó lò láti kọ ìwé rẹ̀. Ní apá ti ìjọba àpapọ̀ ni ó ti bi í bóyá ó kó nítorí àṣẹ ológun. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ètò náà sì fo gbogbo ọ̀rọ̀ ìkólọ kọjá, kò sì mẹ́nu kàn án mọ́ nígbà tí ó dé apá ti ìpínlẹ̀. Àfi ìgbà tí ó fúnra rẹ̀ wọ àkójọ àwọn fọ́ọ̀mù California, tí ó wá 3913 kàn. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí ń bá ènìyàn kọ owó orí, ẹ bi í ní orúkọ: "Ṣé ẹ ti kọ FTB 3913 fún mi?" Bí ó bá ní ìjọba ti fagi lé e, ẹ sọ fún un pé ti ìpínlẹ̀ ni ẹ ń béèrè. Fọ́ọ̀mù ọdún kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lò fún ọdún rẹ̀, kí ẹ sì ka ìtọ́sọ́nà tí ó bá a rìn. Wọ́n wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú ewé Franchise Tax Board.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Bí ìpele owó orí yín bá jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún, $3,250 yóò dín nǹkan bí $195 kù. Kì í ṣe owó tí a fi ń ra mọ́tò, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́wàá owó tíkẹ́ẹ̀tì àbúrò mi. Fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tí ó kó ẹrù ilé lọ tòun ti tíkẹ́ẹ̀tì, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹni tí ó ti fi ìwé ránṣẹ́ láìkọ owó ìkólọ sí i kò tíì pẹ́ jù. California fún ènìyàn ní ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí ìwé yẹ kó délẹ̀, bí ó bá fi í ránṣẹ́ lásìkò, láti béèrè owó rẹ̀ padà. Bí ó bá lo àfikún àkókò tí wọ́n ń fúnni títí di oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí ó fi í ránṣẹ́ gan-an ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tí wọ́n jọ lọ ní ọdún 2023 kò mọ̀ rárá. Ó tún 540NR rẹ̀ kọ pẹ̀lú FTB 3913 nínú, ó fi Schedule X mọ́ ọn, èyí tí a fi ń ṣàlàyé ohun tí ó yí padà, ó sì fi ránṣẹ́. Wọn kì í ní kí ẹ fi rìsíìtì mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí náà ìwé pélébé àbúrò mi, rìsíìtì alágbàkó onílà mẹ́rin àti ìwé tí dẹ́rẹ́bà fọwọ́ sí ṣì wà nínú àpótí mi ní Ìbàdàn, wọn yóò sì wà níbẹ̀ títí oṣù kẹrin ọdún 2028 yóò fi kọjá.